Kíkó Iná ní Ìjánu: Ẹ̀kọ́ lórí Ẹ̀rọ tí Ń Dín Fóltì Kù

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

 Ẹ ti mọ̀ wá mọ́ ẹ̀kọ́ nahawu, ẹ̀kọ́ ìtàn àti ẹ̀kọ́ ìwà nínú ìwé yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀kọ́ nípa iná mànàmáná ni a gbé wá.

Ìdí tí a fi yàn án kò jìnnà. Inú ìlú Ọ̀tà ni a ń gbé. Bẹ̀rẹ̀ láti etí òpópónà tó lọ láti Èkó sí Abẹ́òkúta títí wọ ọ̀nà Ìdírókò, ilé-iṣẹ́ ni ó tò lọ bẹẹrẹ: àwọn tó ń ṣe oògùn, àwọn tó ń ṣe oúnjẹ àti ohun mímu, àwọn tó ń ṣe alumíníọ̀mù, ike àti irin. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òbí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọmọ ni yóò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́la, tàbí kí ẹ ṣí ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe tiyín. Nínú gbogbo ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí, nínú ilé wa, àti lábẹ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́sálásí wa, ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń gba fóltì gíga wọlé tó sì ń fún wa ní kékeré. Bí ẹ̀rọ náà bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, kò sẹ́ni tí ń rántí rẹ̀. Bí kò bá ṣe é dáadáa, ohun tó ń bọ́ yóò jó.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú kúrò nínú ẹ̀kọ́ yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Ohun tó ń mú ẹ̀rọ yìí dára tàbí burú ni bí ó ṣe ń ṣọ́ iṣẹ́ ara rẹ̀. Àwọn àgbà ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ẹ̀rọ yìí náà ní ojú, ẹni tí kò bá sì mọ ibi tí ojú náà ń wò, kò lè tún un ṣe.

INÁ TÍ KÒ DÚRÓ SÓJÚ KAN

Ó ti pẹ́ tí àwọn bàbá wa ti mọ iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2013, ìjọba fi pípín iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, Ọ̀tà sì bọ́ sí abẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná láti Ìbàdàn, IBEDC. Síbẹ̀, ní ọdún 2024 nìkan, iná gbogbo orílẹ̀-èdè ṣubú lulẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Nítorí náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fi ń lo jẹnẹrétọ̀ tiwọn, tí ọ̀pọ̀ ilé sì ń lo bátìrì àti páànẹ́lì sólà.

Kò sí èyí tó dúró sójú kan nínú gbogbo ìwọ̀nyí. Bátìrì tí a ń pè ní 12 fóltì lè ga tó 14.4 nígbà tí a bá ń gba iná sí i, ó sì lè wá sílẹ̀ sí 11 nígbà tí ó bá fẹ́ tán. Páànẹ́lì sólà a máa lọ sókè sódò bí ìkùukùu ti ń kọjá. Ṣùgbọ́n fóònù fẹ́ 5 fóltì nídìí okùn rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ fẹ́ 5 tàbí 3.3. Wọn kò fẹ́ gbọ́ àwáwí.

Ọ̀NÀ MÉJÌ LÁTI DÍN FÓLTÌ KÙ

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ti àtijọ́. IC ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan wà tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní 7805. Ó máa ń gba fóltì gíga, yóò mú 5 jáde, yóò sì sọ èyí tó ṣẹ́kù di ooru. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Nínú àpótí iná ilé-iṣẹ́, 24 fóltì ló wọ́pọ̀. Bí a bá fẹ́ mú 5 fóltì jáde nínú rẹ̀ fún ohun tó ń jẹ ampere 1, fóltì 19 ni yóò ṣòfò. 19 lọ́nà 1 jẹ́ wáàtì 19. Wáàtì 5 péré ni a lò. Ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún iná wa ti di ooru nínú àpótí tí oòrùn Ọ̀tà ti kọ́kọ́ mú gbóná.

Ọ̀nà kejì ni pé kí súìṣì máa ṣí kí ó máa tì kíákíá. Bí súìṣì bá ṣí iná sílẹ̀ pátápátá, kò fi bẹ́ẹ̀ gbóná. Bí ó bá tì í pátápátá, kò gbóná rárá. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè mú ìdá 85 nínú 100 iná tó wọlé jáde. Fún wáàtì 5 kan náà, òfò rẹ̀ kò pé wáàtì 1. Èyí ni ẹ̀rọ tí ẹ̀kọ́ wa dá lé lórí. Orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ ni buck converter.

OHUN MẸ́RIN TÓ WÀ NÍNÚ RẸ̀

1. Súìṣì: tiransísítọ̀ kan tó ń ṣí tó ń ti ọ̀nà iná.

2. Kọ́ìlì: wáyà tí a wé mọ́ irin dúdú. Ó dà bí ọmọlanke tó kún fún ẹrù. Bí o bá tì í, kì í sáré lójijì. Bí o bá fi í sílẹ̀, kì í dúró lójijì. Bẹ́ẹ̀ ni kọ́ìlì kì í jẹ́ kí ìṣàn iná yí padà lẹ́ẹ̀kan náà.

3. Dáyóòdù: nígbà tí súìṣì bá tì, ìṣàn iná inú kọ́ìlì ṣì fẹ́ máa lọ. Dáyóòdù ni ó ṣí ọ̀nà fún un. Nínú àwọn tuntun, tiransísítọ̀ kejì ló ń ṣe iṣẹ́ yìí.

4. Kàpásítọ̀: ó ń kó iná jọ lẹ́nu ọ̀nà àbájáde, kí ohun tó ń jẹ iná má baà rí mímì tó wà nínú kọ́ìlì.

Fóltì tó jáde dúró lórí ìpín àkókò tí súìṣì fi ṣí. Bí 24 bá wọlé tí a fẹ́ 5, a ó pín 5 sí 24. Èsì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 0.21. Súìṣì yóò ṣí fún ìdá 21 nínú 100 àkókò. Bí 12 bá wọlé, ìpín náà di 0.42.

Ẹnìkan lè wí pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi súìṣì sí 0.42, kí ẹ sì lọ sùn. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Bátìrì kò ní dúró sí 12, ohun tó ń jẹ iná kò sì ní dúró sí ojú kan. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa wo fóltì tó jáde, kí ó máa jábọ̀, kí súìṣì sì máa tún ara rẹ̀ ṣe. Nínú IC, òṣùwọ̀n kékeré kan wà tí kì í yí padà. Nínú LM2596 tó kún ọjà wa, 1.23 fóltì ni. Resistor méjì máa ń pín fóltì tó jáde kí ó tó ìwọ̀n yẹn, IC yóò sì fi wọ́n wéra. Okùn tó gbé ìròyìn yìí wá ni ìjánu ẹ̀rọ náà.

Bí okùn yìí bá já ńkọ́? IC yóò rò pé kò sí fóltì kankan tó jáde. Yóò ṣí súìṣì títí, 24 fóltì yóò sì lọ tààrà sára ohun tó fẹ́ 5. Ọ̀pọ̀ fóònù àti ẹ̀rọ rédíò ni ó ti bàjẹ́ báyìí, nítorí pé skúrúù kékeré tí a fi ń yí fóltì lórí pátákó náà ti dógùn-ún, kò sì kan ibi tó yẹ kó kàn mọ́.

ỌMỌ TÓ JÓKÒÓ TI ẸNU PÁÌPÙ

Ẹ jẹ́ kí a fi tánkì omi àlùwàlá ṣe àpẹẹrẹ. Tánkì kékeré kan wà nílẹ̀ tí àwọn ènìyàn ti ń bu omi. Páìpù ń gbé omi wá sínú rẹ̀ láti tánkì ńlá tó wà lókè. Ọmọ kan jókòó ti ẹnu páìpù, ó ń ṣí i, ó ń tì í. A fa àmì sára tánkì kékeré, a ní kí omi máa wà ní ojú àmì náà. Gíga tánkì òkè ni fóltì tó wọlé. Ojú omi nínú tánkì kékeré ni fóltì tó jáde. Àwọn tó ń bu omi ni ohun tó ń jẹ iná. Omi tó ń ṣàn nínú páìpù ni ìṣàn iná inú kọ́ìlì.

Ọ̀nà mẹ́rin ni ọmọ yìí lè gbà ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀nà kìíní: kí ó wo ojú omi nìkan. Ọmọ náà ń ka ení dé ẹ̀wá léraléra. Ó ṣí páìpù títí dé ẹẹ́rin, ó tì í títí dé ẹ̀wá. Bí ó bá rí i pé omi lọ sílẹ̀, ó ṣí i títí dé àrún. Bí omi bá ga jù, ó dín in kù sí ẹẹ́ta. Èyí ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní voltage mode. Kíkà rẹ̀ kì í yára sí i, kì í sì í fà sẹ́yìn. LM2596 ń ka tirẹ̀ nígbà 150,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ LM2576 sì ń ka nígbà 52,000. IC àkọ́kọ́ tó kó irú iṣẹ́ yìí jọ sínú ẹyọ kan ni SG1524, tí Robert Mammano ṣe ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1976.

Ọ̀nà yìí rọrùn, ariwo kékeré kì í sì í tètè dà á láàmú. Ṣùgbọ́n bí omi tánkì òkè bá lọ sílẹ̀ lójijì, ọmọ náà kò ní mọ̀ àfi ìgbà tí omi ìsàlẹ̀ bá ti dín kù. Ohun kan tún wà. Bí ó bá ń kánjú jù, yóò ṣí i jù, omi yóò ga jù, yóò tún tì í jù. Omi yóò máa lọ sókè sódò láìdúró. Nítorí náà ni ẹni tó ṣe ẹ̀rọ fi gbọ́dọ̀ fi resistor àti kàpásítọ̀ kéékèèké kọ́ ọ ní sùúrù.

Ọ̀nà kejì: kí ó wo ojú omi, kí ó sì wo ìṣàn. Ní báyìí, ènìyàn méjì ni wọ́n. Àgbà kan ń wo àmì, ó ń sọ bí omi ṣe gbọ́dọ̀ ṣàn tó. Ọmọ náà ń ṣí páìpù ní gbogbo ìgbà tó bá ti bẹ̀rẹ̀ kíkà, ó sì ń tì í bí ìṣàn bá ti dé ibi tí àgbà wí. Èyí ni current mode. Cecil Deisch ti Bell Labs ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé tó gbé jáde ní ọdún 1978.

Àǹfààní rẹ̀ pọ̀. Bí bátìrì bá yí padà, ìṣàn inú kọ́ìlì yóò yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ̀rọ yóò sì mọ̀ kí fóltì àbájáde tó mì. Bí wáyà méjì bá kan ara wọn lẹ́nu àbájáde, ìṣàn kò lè kọjá ibi tí a ti fi ààlà sí, súìṣì kò sì ní tètè jó. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ìpín àkókò ṣíṣí bá kọjá ìdajì, àṣìṣe kékeré kan yóò máa tóbi sí i. Súìṣì yóò ṣí pẹ́ lẹ́ẹ̀kan, yóò ṣí díẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe. Bí a bá fẹ́ mú 9 fóltì jáde nínú bátìrì 12, ìpín náà jẹ́ 0.75, ó ti kọjá ìdajì. Oògùn rẹ̀ ni kí ààlà tí àgbà sọ máa wá sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín kíkà kọ̀ọ̀kan. IC rere ti ní oògùn yìí nínú.

Ọ̀nà kẹta: àmì méjì. Kò sí kíkà mọ́. A fa àmì kan sókè, a fa èkejì sísàlẹ̀. Bí omi bá kan ti ìsàlẹ̀, ọmọ ṣí i. Bí ó bá kan ti òkè, ó tì í. Ẹ ti mọ ọ̀nà yìí tẹ́lẹ̀: áyọ́ọ̀nù tí ẹ fi ń lọ aṣọ àti fíríìjì tó wà nílé ń lo irú rẹ̀ fún ooru àti òtútù. Hysteretic ni wọ́n ń pè é. Kò sí èyí tó yára tó o. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ iye ìgbà tí yóò ṣí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ariwo rẹ̀ lè bọ́ síbikíbi lórí rédíò.

Ọ̀nà kẹrin: ìwọ̀n ṣíṣí kan náà. Bí omi bá kan àmì, ọmọ náà ṣí páìpù, ó ka iye kan pàtó, ó tì í. Lẹ́yìn náà, ó dúró di ìgbà tí omi yóò tún kan àmì. Èyí ni constant on-time. Bí tánkì òkè bá ga, iye tí yóò kà máa ń kéré, kí ìgbà ṣíṣí má baà yàtọ̀ jù. Ọ̀nà yìí ni wọ́n ń lò púpọ̀ láti bọ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tó lè sùn nísinsìnyí kí ó sì béèrè iná púpọ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà. Bí ẹni tó ń bu omi bá dín kù, ọmọ náà kì í ṣí i léraléra, bátìrì kò sì ní tètè tán. Ṣùgbọ́n bí ìgbà ṣíṣí bá lọ sílẹ̀ ju 20,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá, etí wa lè máa gbọ́ ọ bí ìgbà tí ẹ̀fọn ń kùn.

KÀPÁSÍTỌ̀ TÍ WỌ́N NÍ Ó DÁRA JÙ

Ibí yìí ni ẹ̀yin tó ń kọ́ṣẹ́ àtúnṣe gbọ́dọ̀ fetí sí. Kàpásítọ̀ onígoro tó ní omi nínú máa ń gbẹ bí ooru bá ń mú un. Òfin àwọn oníṣẹ́ ni pé bí a bá dín ooru rẹ̀ kù ní ìwọ̀n 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹ̀mí rẹ̀ yóò gùn ní ìlọ́po méjì. Èyí tó ti gbẹ yóò máa dènà iná nínú ara rẹ̀, mímì yóò pọ̀ lẹ́nu àbájáde, ẹ̀rọ yóò sì máa tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láìnídìí.

Oníṣẹ́ yóò wá ní, "Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tó dára jù sí i." Yóò mú kàpásítọ̀ pẹlẹbẹ ti seramíìkì, tí ìdènà inú rẹ̀ kéré púpọ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, fóltì ń mì ju ti tẹ́lẹ̀. Kí ló fà á? Nínú LM2596, wọ́n ti fi sùúrù ọmọ ẹnu páìpù sínú IC, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ mọ́ ìdènà díẹ̀ tó wà nínú kàpásítọ̀ onígoro. Àwọn tó ṣe é kìlọ̀ nínú ìwé rẹ̀ pé bí ìdènà yìí bá kéré jù, ìjánu lè já. Nínú ọ̀nà kẹta àti ìkẹrin, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń fi mímì kékeré tí ìdènà yẹn ń fà mọ ìgbà tí yóò ṣí. Bí o bá mú un kúrò, o ti fọ́ ojú alákàn.

Nítorí náà, kí ẹ tó pààrọ̀ kàpásítọ̀, ẹ ka nọ́ńbà IC, ẹ wádìí ọ̀nà tó ń gbà ṣọ́ ara rẹ̀, ẹ sì fi irú èyí tí ìwé rẹ̀ sọ sí i.

Ọ̀RỌ̀ FÚN ÀWỌN TÓ FẸ́ RA SÓLÀ

Ẹ̀yin òbí àti ìgbìmọ̀ mọ́sálásí, èyí kàn yín. Irú ẹ̀rọ méjì ni wọ́n ń tà láti fi gba iná páànẹ́lì sínú bátìrì. Èyí tí wọ́n kọ PWM sí lára kò ní kọ́ìlì ńlá nínú. Súìṣì lásán ni. Èyí tó jẹ́ MPPT lóòótọ́ fún páànẹ́lì tó ga ju bátìrì lọ jẹ́ ẹ̀rọ adín-fóltì-kù gan-an, ó ní kọ́ìlì.

Ẹ wo ìyàtọ̀ wọn. Ká ní páànẹ́lì kan ń fúnni ní 32 fóltì àti ampere 9. Wáàtì 288 nìyẹn. Bí a bá fi PWM gbé e sí bátìrì tó wà ní 13 fóltì, súìṣì yóò fa páànẹ́lì wálẹ̀ sí 13. Ampere 9 lọ́nà 13 jẹ́ wáàtì 117. Ìyókù ṣòfò. Bí MPPT tó ń mú ìdá 95 nínú 100 jáde bá ṣe é, nǹkan bí ampere 21 ni yóò wọ bátìrì, ìyẹn wáàtì tó lé ní 270.

Ibi tí MPPT ń wò yàtọ̀. Kì í kọ́kọ́ wo àbájáde, ẹnu ọ̀nà àbáwọlé ló ń wò. Yóò sún ìpín ṣíṣí díẹ̀, yóò wò ó bóyá wáàtì pọ̀ sí i. Bí ó bá pọ̀, yóò sún un síwájú sí i. Bí ó bá dín kù, yóò padà sẹ́yìn. Nígbà tí bátìrì bá kún ni yóò yí ojú padà sí fóltì bátìrì, kí ó má baà sè é.

Ẹ má ra èyí tí wọ́n kàn kọ MPPT sí lára. Ẹ gbé e wò bóyá ó wúwo, ẹ sì ní kí oníṣẹ́ ṣí i kí ẹ rí kọ́ìlì. Bákan náà, ẹ má so pátákó LM2596 mọ́ páànẹ́lì ńlá. 40 fóltì ni òpin iṣẹ́ rẹ̀, páànẹ́lì òde òní sì lè kọjá 45 nígbà tí kò sí ohun tó ń jẹ ẹ́.

ÀKÓTÁN

A ti rí i pé súìṣì, kọ́ìlì, dáyóòdù àti kàpásítọ̀ kan náà lè di ẹ̀rọ mẹ́rin tó yàtọ̀ síra nítorí ohun tí wọ́n ń wò. Kí ẹ tó so ohunkóhun mọ́ ẹ̀rọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe, ẹ fi resistor ohm 5 tó lè gba wáàtì 10 sí ẹnu 5 fóltì rẹ̀. Yóò jẹ ampere 1. Ẹ fi mítà wò ó, ẹ yí fóltì àbáwọlé sókè sódò, ẹ fọwọ́ mi skúrúù rẹ̀ díẹ̀. Bí 5 bá dúró ní 5, ẹ lè gbé e fún oníbàárà láìbẹ̀rù.

Ẹni tó bá mọ èyí ní Ọ̀tà kò ní wá iṣẹ́ tì. Ọlọ́run yóò fi ìmọ̀ tó ṣàǹfààní jíǹkí wa.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN AKẸ́KỌ̀Ọ́

1. Bí 24 fóltì bá wọlé tí a fẹ́ 12, kí ni ìpín àkókò ṣíṣí?
2. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí okùn ìròyìn bá já nínú ẹ̀rọ adín-fóltì-kù?
3. Èwo nínú ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni fíríìjì ń lò?
4. Kí ló dé tí mímú 9 fóltì jáde nínú bátìrì 12 fi lè da current mode láàmú?
5. Ẹ ṣàlàyé fún òbí yín, pẹ̀lú ìṣirò, ìdí tí PWM fi ń fi iná páànẹ́lì ṣòfò.